Ẹni tí a Fi Orí Rẹ̀ Fọ́ Àgbọn: Àròjinlẹ̀ lórí Títọ́ Ọ̀gá Ilé-Ẹ̀kọ́ fún Ìgbèríko

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní ẹni tí a bá fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn kì í jẹ níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìyànjẹ ni òwe yìí ń sọ. Àgbọn le, ó sì ń fẹ́ ohun líle tí a ó fi fọ́ ọ. Ẹni tí ó yọ̀ǹda orí rẹ̀ fún iṣẹ́ náà, tàbí ẹni tí a fi tipátipá gba orí lọ́wọ́ rẹ̀, ni ìrora kàn. Nígbà tí omi àgbọn bá dà, tí inú rẹ̀ sì hàn funfun báláú, àwọn ẹlòmíràn ni yóò jókòó tì í. Ẹni tí ó lorí ti dákú kí wọ́n tó pín in.

Òwe yìí bá ọ̀rọ̀ àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ìgbèríko mu pẹ́kípẹ́kí. Àṣà kan wà tí àwọn olùkọ́ mọ̀ dáadáa. Bí a bá gbé olùkọ́ kan ga sí ipò ọ̀gá fún ìgbà àkọ́kọ́, ilé-ẹ̀kọ́ kékeré tí ó wà ní òpin ọ̀nà ni a sábà máa ń kọ́kọ́ rán an lọ. Níbẹ̀ ni yóò ti kọ́ bí a ti ń ṣètò iṣẹ́, bí a ti ń ṣọ́ owó, bí a ti ń bá olùkọ́ tí kì í wá síbi iṣẹ́ sọ̀rọ̀, àti bí a ti ń dúró níwájú àwọn òbí tí inú ń bí. Yóò ṣe àṣìṣe lónìí, yóò sì tún un ṣe lọ́la. Nígbà tí ó bá fi máa tó ọdún méjì tàbí mẹ́ta, tí ọwọ́ rẹ̀ ti wọ iṣẹ́ náà, lẹ́tà tíránsífà yóò dé, yóò sì di ọ̀gá ní ìlú ńlá. Ẹni tuntun mìíràn yóò bọ́ sórí àga tí ó fi sílẹ̀, yóò sì bẹ̀rẹ̀ àṣìṣe tirẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ìbéèrè tí ó kan ìwà ọmọlúwàbí ni àṣà yìí gbé dìde. Ǹjẹ́ ó tọ́ kí ọmọ àgbẹ̀ jẹ́ orí tí àwọn ọ̀gá fi ń kọ́ iṣẹ́ tí ọmọ ìlú ńlá yóò jẹ èrè rẹ̀? Bí kò bá tọ́, báwo ni a ó ṣe tọ́ ẹni tí yóò ṣe ọ̀gá, nígbà tí ó jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó lè mọ iṣẹ́ láì ṣe é? Ẹni tí a bá sì yàn láti tọ́ irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ sọ́nà, kí ni ojúṣe rẹ̀ sí ẹni tí ó ń tọ́, sí ìjọba tí ó rán an, àti sí àwọn ọmọ tí ẹnikẹ́ni kò bi léèrè?

Kíkọ́, Títọ́ àti Ìkọ́ṣẹ́

Ó yẹ kí a ya àwọn ọ̀rọ̀ mẹ́ta yìí sọ́tọ̀, nítorí pé àdàpọ̀ wọn ni ó fa púpọ̀ nínú àṣìṣe tí a ń ṣe lórí ọ̀rọ̀ yìí. A lè kọ́ ènìyàn ní ohun tí kò mọ̀ láàárín wákàtí kan. Ẹni tí kò mọ òfin owó níná lè jókòó sí kíláàsì ní òwúrọ̀, kí ó sì ti mọ̀ ọ́n kí oòrùn tó kan àtàrí. Ṣùgbọ́n a kì í tọ́ ènìyàn ní ọjọ́ kan. Ọ̀rọ̀ náà "tọ́" ni a ń lò fún ọmọ. Ìró kan náà ni a fi ń sọ ohun tí ó yẹ, tí kò wọ́, pé ó tọ́. Òun náà ni a fi ń sọ pé kí ènìyàn fi ahọ́n kan ọbẹ̀, kí ó tọ́ ọ wò. Bí ìtumọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tilẹ̀ yàtọ̀ síra, wọ́n pàdé nínú ọ̀rọ̀ ẹni tí yóò ṣe ọ̀gá: a ó tọ́ ọ dàgbà nínú iṣẹ́, sí ọ̀nà tí ó tọ́, a ó sì jẹ́ kí ó tọ́ iṣẹ́ náà wò kí a tó fi gbogbo rẹ̀ lé e lọ́wọ́.

Ìkọ́ṣẹ́ ni ọ̀nà tí àwọn baba wa fi ń ṣe èyí. Ọmọ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ alágbẹ̀dẹ yóò kọ́kọ́ máa fínná fún ọ̀gá rẹ̀. Yóò wo ọwọ́ ọ̀gá títí, kí ó tó gba irin kékeré, kí ó tó gba irin ńlá. Ẹni tí ó ń kọ́ Ifá kì í ti ibi odù àkọ́kọ́ bọ́ sí iwájú ọba láti dá Ifá fún ìlú. Títí di òní, télọ̀ àti mẹkáníìkì kò tíì fi àṣà yìí sílẹ̀: ọdún ìkọ́ṣẹ́ ní iye, ọ̀gá wà nítòsí ní gbogbo àsìkò náà, ní ọjọ́ tí ó bá sì pé, a ó ṣe àdúrà, ọmọ iṣẹ́ yóò gba òmìnira.

Wàyí o, ẹ wo bí a ti ń ṣe ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Olùkọ́ kan lè fi ogún ọdún kọ́ni ní ìmọ̀ ìṣirò, kí ó mọ̀ ọ́n kọ́ débi pé ọmọ tí ó ń sá fún ìṣirò yóò fẹ́ràn rẹ̀. Ní ọjọ́ tí ìgbéga bá kàn án, lẹ́tà kan ni yóò sọ ọ́ di ẹni tí ó ń ṣe ìdájọ́, tí ó ń ṣọ́ owó, tí ó ń tún òrùlé ṣe, tí ó sì ń ṣe aṣojú ìjọba níwájú Baálẹ̀. Iṣẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni kíkọ́ni àti dídarí àwọn tí ń kọ́ni. Ọ̀nà kan náà ni a ń gbà débẹ̀, ṣùgbọ́n mímọ ọ̀kan dunjú kì í ṣe ẹ̀rí pé a mọ èkejì.

Kò sí pé ìjọba kò mọ èyí. Ìdí nìyẹn tí a fi dá ilé-ẹ̀kọ́ àpapọ̀ fún ètò àti ìṣàkóso ètò ẹ̀kọ́, tí a ń pè ní NIEPA, sílẹ̀ ní ìlú Oǹdó ní ọdún 1992, kí àwọn tí ń darí ilé-ẹ̀kọ́ lè rí ibi kọ́ nípa iṣẹ́ wọn. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọlọ́jọ́ mélòó kan, bí ó ti wù kí ó dára tó, kíkọ́ ni. Àlàfo tí ó wà láàárín kíkọ́ àti títọ́ ni ọ̀gá tuntun ń já sí ní ọjọ́ kejì tí ó bá dé abúlé.

Ta Ni Ó Tọ́ Àwọn Ọ̀gá Àtijọ́?

Àwọn kan máa ń sọ pé àsọdùn ni gbogbo èyí. Wọ́n ní kò sí ẹni tí ó tọ́ àwọn ọ̀gá àtijọ́ sọ́nà, síbẹ̀ wọ́n ṣe bẹbẹ. Wọ́n ní ìpọ́njú ni ó ń kọ́ ọ̀gá. Àtakò yìí tó gbé yẹ̀ wò, nítorí pé ìtàn ni ó gbára lé, ìtàn náà ni yóò sì dá a lóhùn.

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ ni ti Àlùfáà Israel Oludotun Ransome-Kuti, ẹni tí ó jẹ́ ààrẹ àkọ́kọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ ní Nàìjíríà ní ọdún 1931. Kí ó tó di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama ti Ìjẹ̀bú-Òde ní 1918, ó ti ṣe olùkọ́ lábẹ́ ẹlòmíràn ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ti Abẹ́òkúta. Ó lo ọ̀pọ̀ ọdún ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ní 1932 ni ó padà sí Abẹ́òkúta, ó sì wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá títí di 1954. Tai Solarin náà ti ṣe ọ̀gá ní Molusi College, Ìjẹ̀bú-Igbó, kí ó tó dá ilé-ẹ̀kọ́ Mayflower sílẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní ọdún 1956. Adékúnlé Ajáṣin di ọ̀gá Imade College ní Ọ̀wọ̀ ní 1947. Kò kúrò níbẹ̀ títí di 1962.

Ohun méjì ni ìtàn wọ̀nyí fi hàn. Èkíní ni pé kì í ṣe òótọ́ pé àwọn àgbà wọ̀nyí bọ́ láti òfuurufú sórí àga ọ̀gá: wọ́n ti fínná fún ẹlòmíràn, tàbí wọ́n ti gbé iṣẹ́ náà wò níbòmíràn. Èkejì, tí ó sì ṣe pàtàkì jù, ni pé wọ́n pẹ́. Bí àṣìṣe bá wà ní ọdún kìn-ín-ní àti ọdún kejì, ilé-ẹ̀kọ́ kan náà tí ó jìyà àṣìṣe yẹn ni ó jẹ èrè ọgbọ́n ọdún kẹwàá. Àwọn tí a fi orí wọn fọ́ àgbọn jẹ níbẹ̀.

Ohun tí ó yí ètò yìí padà ni bí ilé-ẹ̀kọ́ ti pọ̀ lójijì. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà. Iye ọmọ ilé-ìwé tí ó jẹ́ nǹkan bí 457,000 ní 1954 fò kọjá 800,000 ní 1955. Nígbà tí ó tún di oṣù kẹwàá 1979, àwọn ìpínlẹ̀ márùn-ún tí ẹgbẹ́ UPN ń ṣàkóso, èyíinì ni Ọ̀yọ́, Ògùn, Oǹdó, Èkó àti Bẹ́ńdẹ̀lì, sọ ẹ̀kọ́ girama di ọ̀fẹ́. Ọ̀pọ̀ abúlé ni ó ya ilẹ̀ sọ́tọ̀, tí wọ́n sì fi ọwọ́ ara wọn gé búlọ́ọ̀kù, kí ọmọ wọn má baà rin ìrìn maili mẹ́fà lọ kàwé. Ohun ìwúrí ni, kò sì sí ẹni tí ó fẹ́ràn ọmọ Yorùbá tí yóò kábàámọ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n a lè kọ́ ilé láàárín oṣù mẹ́ta. A kò lè tọ́ ọ̀gá láàárín oṣù mẹ́ta. Iye àga pọ̀ ju iye àwọn tí a ti tọ́ láti jókòó sórí wọn. Láti ìgbà náà ni ó ti di àṣà pé àga tí ó jìnnà jù lọ ni a ń fún ẹni tí kò tíì jókòó rí.

Ohun tí Ọ̀gá ń Bá Pàdé ní Oko

Ẹni tí kò bá tíì ṣiṣẹ́ ní irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lè rò pé ó rọrùn ju ti ìlú lọ, nítorí pé ọmọ ibẹ̀ kò pọ̀. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ní ìlú, bí olùkọ́ kan kò bá wá, ẹlòmíràn wà. Ní oko, olùkọ́ kan ṣoṣo ni ó lè wà fún ìṣirò, físíìsì àti kẹ́mísìrì pọ̀. Ìlú ni púpọ̀ nínú àwọn olùkọ́ ń gbé. Àwọn kan á dé ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, wọn á lọ ní Ọjọ́bọ̀, owó ọkọ̀ sì ń jẹ apá kan owó oṣù wọn. Bí ọjọ́ ọjà bá kò, ìdajì àwọn ọmọ kò ní wá. Nígbà tí kòkó bá pọ́n, àwọn ọmọkùnrin á wà lóko. Bí ìyá bá bímọ, ọmọbìnrin ni yóò jókòó ti ọmọ tuntun. Bí ìjì bá ṣí òrùlé, ó lè jẹ́ ọdún méjì kí ìjọba tó rí i. Nínú àwọn ọmọ náà sì ni ti àwọn alágbàro tí wọ́n ti ọ̀nà jíjìn wá, tí wọ́n lè kó lọ láì dágbére bí oko bá tán.

Gbogbo nǹkan wọ̀nyí ni ó ń béèrè ọgbọ́n tí kò sí nínú ìwé òfin. Ọ̀gá tí ó bá dé tí ó sì ń na gbogbo ọmọ tí ó bá pẹ́ dé yóò lé àwọn tí ó ti rin maili mẹ́ta kí ilẹ̀ tó mọ́. Ọ̀gá tí ó bá sì fojú fo gbogbo rẹ̀ yóò sọ ilé-ẹ̀kọ́ di ibi ìsinmi. Ìmọ̀ ìgbà tí ó yẹ kí a le àti ìgbà tí ó yẹ kí a rọ̀ ni ọgbọ́n, ẹnìkan kò sì lè fi lẹ́tà rán ọgbọ́n sí ènìyàn. Ìdí nìyẹn tí olùtọ́sọ́nà fi gbọ́dọ̀ jẹ́ ẹni tí ó ti bá irú ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ fínra rí, tí ó sì ṣe tán láti máa lọ síbẹ̀, kì í ṣe ẹni tí yóò máa pe ọ̀gá tuntun wá sí ìlú láti wá gbọ́ ọ̀rọ̀.

Ọ̀ràn Ìdánwò

Kí ọ̀rọ̀ yìí lè yéni, kí a fi ojú inú wo obìnrin kan tí ó ti ṣe igbákejì ọ̀gá ní ìlú fún ọdún mẹ́fà, tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe ọ̀gá ní abúlé. A yan bàbá kan tí ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá láti máa tọ́ ọ sọ́nà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni bàbá náà ń gun ọ̀kadà wá. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ìdánwò WAEC bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àwọn àgbààgbà mẹ́ta wá bá ọ̀gá ní ọ́fíìsì. Wọn kò sọ̀rọ̀ ìbínú. Wọ́n ní ó ti pé ọdún mẹ́rin tí ọmọ kan láti abúlé náà ti yege débi tí ó fi lè wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga. Wọ́n ní ilé-ẹ̀kọ́ kan nítòsí ń "ran ọmọ lọ́wọ́" nínú gbọ̀ngàn ìdánwò, àwọn ọmọ sì ń sá lọ síbẹ̀. Wọ́n ní bí ó bá ń bá a lọ báyìí, ilé-ẹ̀kọ́ tí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ́ yóò kú. Wọ́n ti dá owó jọ. Kí ọ̀gá ṣá ti gbé ojú kúrò díẹ̀.

Nígbà tí olùtọ́sọ́nà dé, obìnrin náà ro gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì béèrè pé, "Ẹ̀yin bàbá, kí ni kí n ṣe?"

Bàbá náà ní, "Màdáámù, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bi yín. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n sọ, èwo ni irọ́?"

Ó ronú títí. "Kò sí irọ́ níbẹ̀, bàbá. Òótọ́ ni pé àwọn ọmọ kò yege. Òótọ́ ni pé wọ́n ń sá lọ."

"Èwo wá ni kò tọ́?"

"Ohun tí wọ́n fẹ́ fi owó náà ṣe ni."

"Ó dáa. Owó yẹn kan náà, kí ni ó tún lè ṣe?"

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í kà á: yàrá kan nínú abúlé fún àgùnbánirọ̀ tí ó mọ ìṣirò, kí ó má baà máa sá lọ sí ìlú, epo jẹnẹrétọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìrọ̀lẹ́, ìwé ìdánwò àtẹ̀yìnwá. Àwọn tí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ fún NECO, tí ó ń tẹ̀lé ti WAEC, ṣì ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sí i. Ṣùgbọ́n bí ó ti ń kà á lọ, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Àwọn ọmọ ti ọdún yìí ńkọ́, bàbá?"

"Àwọn ni ọ̀rọ̀ yìí dùn jù," ni bàbá fèsì. "N kò ní purọ́ fún yín. Apá kan nínú wọn yóò fìdí rẹmi."

"Ṣé ẹ ó bá mi sọ fún àwọn àgbààgbà?"

"N ó bá yín jókòó. Ẹ̀yin ni ẹ ó sọ̀rọ̀."

Ọ̀nà mẹ́ta ni olùtọ́sọ́nà yìí ìbá fi ṣìnà. Ó lè pàṣẹ fún obìnrin náà pé kí ó lé àwọn àgbààgbà jáde, kí ó sì fi òfin ọdún 1999 tí ó de màgòmágó ìdánwò dẹ́rù bà wọ́n. Òfin náà wà lóòótọ́, ó sì tọ́ kí ọ̀gá mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n obìnrin náà yóò pàdánù abúlé, kò sì ní kọ́ nǹkan kan ju pé kí ènìyàn máa ṣe ohun tí a bá ní kí ó ṣe. Ó lè gba ọ̀rọ̀ sọ lẹ́nu rẹ̀ níwájú àwọn àgbààgbà, wọn yóò sì bọ̀wọ̀ fún ewú orí rẹ̀. Ní ọjọ́ tí kò bá sí níbẹ̀, ọ̀wọ̀ náà yóò bá a lọ. Tàbí kí ó ní, "Ẹ̀yin ni ọ̀gá, ẹ ṣe é bí ó bá ti wù yín." Èyí ni ó dà bí ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n òun ni ó burú jù, nítorí pé ó fi ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀ pẹ̀lú abẹ ní ọwọ́, orí ọmọ ẹlòmíràn sì wà lábẹ́ rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí a kò gbọdọ̀ fi pamọ́. Bí obìnrin náà bá ṣe ohun tí ó tọ́, àwọn ọmọ kan yóò san owó rẹ̀. Òtítọ́ ní iye. Ẹni tí ó bá ń tọ́ ọ̀gá, tí ó sì ń sọ fún un pé ìwà rere kì í ná ènìyàn ní nǹkan, irọ́ ni ó ń kọ́ ọ. Síbẹ̀, ìwé-ẹ̀rí tí a fi èrú gbà kì í pẹ́ tú níwájú iṣẹ́. Ọmọ tí ó gbà á yóò wọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga láì mọ ohun tí ìwé náà ní ó mọ̀, ojú yóò sì tì í níbi tí kò ti ní alábàárò. Ọ̀gá tí ó bá gbà láti di ojú ti gbà lọ́kàn ara rẹ̀ pé ọmọ oko kò lè mọ ìwé. Ìyẹn ni ìyànjẹ tí ó tóbi jù, àánú ni ó sì gbé wọ̀ bí aṣọ.

Àṣírí àti Ẹ̀tọ́ Ọmọ

Ìṣòro mìíràn wà tí ó kan olùtọ́sọ́nà fúnra rẹ̀. Ẹni tí a ń tọ́ gbọ́dọ̀ lè sọ àṣìṣe rẹ̀ láì bẹ̀rù. Bí ó bá rò pé ohun tí ó sọ lónìí yóò dé ọ́fíìsì àjọ tí ó gbà á síṣẹ́ lọ́la, kò ní sọ ọ́. Yóò máa fi ilé-ẹ̀kọ́ tí a gbá mọ́ han olùtọ́sọ́nà, yóò sì máa fi egbò pamọ́. Nítorí náà kò yẹ kí ẹni tí ń tọ́ni tún jẹ́ ẹni tí yóò kọ ìròyìn ìgbéga. Alábẹ̀wò ní iṣẹ́ tirẹ̀. Olùtọ́sọ́nà ní tirẹ̀.

Ṣùgbọ́n ṣé àṣírí yìí kò ní òpin? Bí olùtọ́sọ́nà bá rí i pé olùkọ́ kan ń yọ ọmọbìnrin lẹ́nu, tí ọ̀gá tuntun sì ń bò ó mọ́lẹ̀, ṣé kí ó dákẹ́ nítorí pé ó ṣèlérí ìdákẹ́? Bí owó ìdánwò àwọn ọmọ bá wọ àpò ọ̀gá ńkọ́? Ìdáhùn gbọ́dọ̀ ṣe kedere. Nítorí ọmọ ni a ṣe yan ọ̀gá, nítorí ọ̀gá ni a sì ṣe yan olùtọ́sọ́nà. Àṣírí tí ó wà láti ran ọmọ lọ́wọ́ kò lè di idà tí a fi ń pa ọmọ. Àṣìṣe tí ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ ṣe, àṣírí ni. Ìpalára tí a mọ̀ọ́mọ̀ ṣe fún ọmọ kì í ṣe àṣírí. Ó sì yẹ kí olùtọ́sọ́nà sọ ààlà yìí ní ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n bá pàdé, kí ọ̀ràn tó dé. A kì í ti ojú ogun wẹ́fọ́n.

Orí Ta Ni?

Ó tó àkókò láti padà sí ìbéèrè àkọ́kọ́. Ẹni tí ó ń kọ́ iṣẹ́ onígbàjámọ̀ gbọ́dọ̀ fá orí ènìyàn ní ọjọ́ kan. A lè fi igbá kọ́ ọ bí a ti ń di abẹ mú, ṣùgbọ́n igbá kì í mira, igbá kì í sì í ṣẹ̀jẹ̀. Bí a bá ní kò tọ́ rárá kí ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ fọwọ́ kan orí ẹnikẹ́ni, kò ní sí onígbàjámọ̀ mọ́ láyé. Nítorí náà kì í ṣe pé a fi orí kọ́ṣẹ́ ni ó burú. Nǹkan mẹ́ta ni ó ń sọ ọ́ di ìyànjẹ.

Èkíní ni bí ọ̀gá onígbàjámọ̀ kò bá sí nítòsí. Orí tí a fá nígbà tí ọ̀gá dúró ti ọmọ iṣẹ́, tí ó ń wo ọwọ́ rẹ̀, tí ó sì lè gba abẹ, yàtọ̀ sí orí tí a fi sílẹ̀ fún un nínú òkùnkùn. Èyí ni ojúṣe wíwà nítòsí, òun sì ni iṣẹ́ olùtọ́sọ́nà. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ṣùgbọ́n àgbà gbọ́dọ̀ wà lọ́jà náà ná.

Èkejì ni bí ó bá jẹ́ orí àwọn kan náà ni a ń lò nígbà gbogbo. Bí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ ńlá inú ìlú bá ń gba igbákejì ọ̀gá tí ó ń kọ́ṣẹ́, tí wọ́n sì ń fi iṣẹ́ ọ̀gá lé e lọ́wọ́ díẹ̀díẹ̀, ìnira ìkọ́ṣẹ́ yóò pín káàkiri. Àwọn kan yóò ní ìka kò dọ́gba. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n nígbà tí abẹ́rẹ́ bá gún èyí tí ó kúrú, gbogbo ara ni ó ń mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀kẹta ni èyí tí òwe wa sọ: kí ẹni tí a fi orí rẹ̀ fọ́ àgbọn má jẹ níbẹ̀. Ó yẹ kí ọ̀gá tí ó kọ́ṣẹ́ ní abúlé pẹ́ níbẹ̀ tó fún abúlé láti jẹ èrè ohun tí ó kọ́. Ṣùgbọ́n níhìn-ín ni ó yẹ kí a ṣọ́ra, kí a má baà gba ẹrù orí ọmọ kúrò, kí a sì gbé gbogbo rẹ̀ lé ọ̀gá nìkan. Àwọn àgbà ní bí a bá ránni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹni tí a rán ni òwe yìí ń bá wí. Kò sọ pé ẹni tí ó ránni kò ní ojúṣe kankan. Ọ̀gá náà ní ọmọ tirẹ̀ tí yóò kàwé, ó ní ara tí ó ń ṣàìsàn, ó sì ní ìyàwó tàbí ọkọ tí ó ń ṣiṣẹ́ níbòmíràn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ó pẹ́ ní oko gbọ́dọ̀ jẹ́ kí oko ṣeé gbé fún un.

Ní ọjọ́ àwọn olùkọ́ lágbàáyé ní ọdún 2020, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé àwọn olùkọ́ tí ó wà ní ìgbèríko yóò máa gba owó àjẹmọ́nú pàtàkì. Ní 2022, a sọ ọ́ di òfin pé olùkọ́ lè ṣiṣẹ́ títí di ọmọ ọdún 65, tàbí kí ó lo 40 ọdún lẹ́nu iṣẹ́, dípò 60 ọdún ọjọ́ orí àti 35 ọdún iṣẹ́ ti tẹ́lẹ̀. Ojú méjì ni a lè fi wo òfin kejì yìí. Bí àwọn àgbà ọ̀gá bá lo ọdún márùn-ún tí a fi kún un láti jókòó pẹ́ sí i lórí àga ìlú ńlá, àwọn tí ń bọ̀ lẹ́yìn yóò pẹ́ sí i lẹ́nu ìdúró. Bí wọ́n bá lò ó láti tọ́ àwọn tí ó wà ní oko sọ́nà, ọdún márùn-ún náà lè di ẹ̀bùn tí ó tóbi jù tí ìran kan ti fún ìran kejì. Òfin kan náà ni; ìwà ni yóò yan èyí tí yóò jẹ́.

Ìkádìí

A ti rí i pé kò ṣeé ṣe láti tọ́ ọ̀gá láì jẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ náà, àti pé kò sì tọ́ kí ọmọ oko nìkan máa san owó ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí ó lè mú kí àwọn méjèèjì bára mu ni pé kí àgbà wà nítòsí, kí ìnira pín dọ́gba, kí ẹni tí ó sì kọ́ṣẹ́ dúró jẹ nínú ohun tí ó gbìn, kí àwọn tí ó gbà á láyè náà bá a jẹ. Bí ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí bá yẹ̀, ìyànjẹ ni ó kù, orúkọ rere kankan tí a bá sì fún un kò ní yí i padà.

Nígbà tí lẹ́tà tíránsífà bá dé, tí ọ̀gá sì ń di ẹrù rẹ̀ láti lọ sí ìlú, àwọn ọmọ yóò tò sí iwájú ọ́fíìsì láti kí i pé ó dìgbóṣe. Kí ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ó bá lè tọ́ka sí ohun tí ó fi sílẹ̀ fún wọn, tí ó tó ohun tí ó gbà lọ́wọ́ wọn, kí ó máa lọ ní àlàáfíà. Bí kò bá lè tọ́ka sí i, kí ó mọ̀ pé ó jẹ gbèsè, àwọn tí ó tọ́ ọ sọ́nà sì jẹ ẹ́ pẹ̀lú rẹ̀.